Ìkíni tí Ubuntu fi ń pàdé ẹni tó bá gba SSH wọlé

Ẹni bá fi SSH (ọ̀nà ààbò tí a ń gbà wọ kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn) wọ sáfà Ubuntu, ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé: oríṣi Ubuntu tó wà níbẹ̀, àdírẹ́sì ìrànlọ́wọ́, bí díìsìkì ṣe kún tó, àtúnṣe tó wà nílẹ̀, àti ìròyìn Canonical, ilé iṣẹ́ tó ni Ubuntu. update-motd ló ń gbé e jáde. Irinṣẹ́ gidi ni, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ti pọ̀ jù bí wọ́n ṣe gbé e wá.

Inú /etc/update-motd.d ni àwọn script rẹ̀ (fáìlì àṣẹ) wà, nọ́ńbà iwájú orúkọ wọn ló ń to wọn tẹ̀ léra. Èyí tí ẹ kò bá fẹ́, ẹ má wulẹ̀ pa á rẹ́, ẹ kàn gba àṣẹ ìṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀:

sudo chmod -x /etc/update-motd.d/10-help-text

Ìyẹn ló kọ́kọ́ yẹ kó dákẹ́. Ti ìròyìn, ẹ sọ ENABLED=1 di ENABLED=0 nínú /etc/default/motd-news. Ẹ fi 50-landscape-sysinfo sílẹ̀ ní tirẹ̀, òun ló ń sọ bí díìsìkì bá fẹ́ kún. Ó kàn jẹ́ pé bí iṣẹ́ bá wọ sáfà lọ́rùn, kì í ka nǹkan kan sílẹ̀ mọ́, ìgbà yẹn gan-an la sì ń wá a!

Tí ẹ bá fẹ́ fi tiyín kún un, ẹ pè é ní 60-ikini, kí #!/bin/sh wà ní ìlà àkọ́kọ́, kí ẹ sì ṣe chmod +x. Ẹ má pè é ní 60-ikini.sh o. run-parts, tó ń mú àwọn script náà ṣiṣẹ́, máa ń fo fáìlì tí àmì ìdúró bá wà nínú orúkọ rẹ̀, kò sì ní sọ fún yín. Ẹ fi sudo run-parts /etc/update-motd.d dán an wò kí ẹ tó jáde. Root, aláṣẹ àgbà sáfà, ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, gbogbo ẹni tó ń wọlé ló sì ń dúró dè é: curl (àṣẹ tó ń lọ mú nǹkan wá láti orí ayélujára) tí kò ní --max-time, ìyẹn gbèdéke àkókò, lè so ẹnu ọ̀nà pa.

Bí ohun tí ẹ kọ sínú /etc/motd bá ń jáde lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wo /etc/ssh/sshd_config, fáìlì ìṣètò SSH. PAM, ètò tó ń bójú tó ìwọlé, ti tẹ̀ ẹ́ jáde tẹ́lẹ̀, nítorí náà PrintMotd no ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Ìkìlọ̀ tó gbọ́dọ̀ ṣáájú páswọ́ọ̀dù kì í ṣe iṣẹ́ update-motd. Ẹ kọ ìkìlọ̀ náà sínú /etc/issue.net, kí ẹ fi ìlà Banner /etc/issue.net sínú sshd_config, kí ẹ fi sudo sshd -t yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà sudo systemctl reload ssh. Ẹnikẹ́ni tó bá kanlẹ̀kùn ló ń rí i, ẹ má kọ orúkọ iṣẹ́ tí sáfà ń ṣe síbẹ̀.

Ẹni tí kò fẹ́ rí ìkíni kankan lè ṣe touch ~/.hushlogin, ti àwọn yòókù kò ní yí padà.