Mo bẹ̀bẹ̀ fún felọ́ṣíìpù ìwádìí ọ̀pá ẹ̀yìn: ohun tójú mi rí

Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn nígbà tí pọ́tà, ìyẹn ojú òpó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àjọ tó ń fún olùwádìí lówó felọ́ṣíìpù yìí fi ń gba ìwé, sọ fún mi pé ìwé ìṣúná mi kò bófin mu. Òfin wo? Kò sọ. Mo tún un tẹ̀, ó kọ̀. Mo pa á, mo tún un ṣí, ó kọ̀. Nígbà tí ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, mo yọ gbogbo kọ́mà tó wà láàárín iye owó, ó sì gbà á wọ́ọ́rọ́. Kọ́mà! Iṣẹ́ oṣù mẹ́rin ni kọ́mà fẹ́ gbé sọnù.

Ẹni tó ń wá irú owó yìí ti mọ bó ṣe rí: ọdún méjì, owó oṣù olùwádìí kan, díẹ̀ fún irinṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀. Àwọn tó ń dáhùn lẹ́tà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé bi wọ́n bóyá ìpalára ọ̀pá ẹ̀yìn tí ìjàǹbá fà nìkan ni wọ́n ń náwó lé, àbí èyí tí àrùn fà náà wà níbẹ̀. Ikọ́ fée (TB) tó bá wọ inú egungun ẹ̀yìn lè rọ ènìyàn lẹ́sẹ̀ bí ìjàǹbá ọkọ̀ ti ń ṣe. Ìbéèrè mi kì í ṣe àròyé lásán. Èsì méjì àkọ́kọ́ jọra bí ìbejì: "Ẹ lọ ka ìtọ́sọ́nà." Ìtọ́sọ́nà tí kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀! Ìgbà kẹta, obìnrin kan pè mí lórí fóònù. "Ẹ má bínú, àwa la ò kọ ọ́ dáadáa. Ẹ fi ránṣẹ́, ó wà níbẹ̀." Ó tó ogún ìṣẹ́jú tó fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní kí n yọ "ìwòsàn" kúrò lórí àkọlé mi, pé ìlérí yẹn ti sú ìgbìmọ̀. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n lé obìnrin yẹn lẹ́nu iṣẹ́.

Wọ́n kọ̀ mí ṣá. Nínú àwọn mẹ́ta tó yẹ ìwé mi wò, mi ò rò pé ẹni àkọ́kọ́ kọjá ojú ìwé kejì. Ẹnì kejì fẹ́ kí eku tí mo máa fi ṣèwádìí pọ̀ sí i.

Ẹnì kẹta kọ ọ́ síbẹ̀ pé orí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara lòun wà. Iṣẹ́ mi dá lórí ẹ̀rọ tó máa ń ké bí àpò ìtọ̀ bá kún. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré: ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa láti ibi egungun ẹ̀yìn kẹfà ní ìpele àyà sókè, bí àpò ìtọ̀ rẹ̀ bá kún láìmọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ru lójijì débi tó lè pa á. Gbogbo ìyẹn ni mo kọ. Ìlà kan ló fi dá mi lóhùn: "Bó bá ké nígbà tí mo wà nípàdé ńkọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ojú tì mí. Ìwádìí Kim Anderson ti ọdún 2004, tó bi ènìyàn 681 tó ní ìpalára ọ̀pá ẹ̀yìn léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kó padà bọ̀ sípò, ni mo fi ṣílẹ̀kùn ìwé mi. Àpò ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ṣe pàtàkì fún àwọn tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn rọ àti àwọn tó jẹ́ ẹsẹ̀ nìkan. Síbẹ̀ èmi fúnra mi ò bi ẹyọ ẹnì kan. Ẹ̀rọ náà ti ń gbọ̀n jẹ́ẹ́ báyìí dípò kó ké.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún àjọ yìí. Mo ti ń kọ ti ọdún tó ń bọ̀, láìsí kọ́mà.