Ọkọ̀ ojú irin kékeré tí mo rà ní Wuse: ẹ wá gbọ́ tẹnu mi

Òórùn ike tó ń jó ni mo fi gba àlejò lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Bàbá mi ti dé láti Ọ̀fà lọ́jọ́bọ̀. Bọ̀ọ̀dá oníbáńkì wá láti Gwarinpa. Àǹtí tíṣà wọ ọkọ̀ ojú irin ní Rigasa, Kaduna, ó sọ̀ ní Kubwa, ó gun kẹ̀kẹ́ Màrúwá dé ẹnu ọ̀nà mi. Àwa mẹ́ta la jọ ń kọ́ ojú irin kékeré sínú ilé. Lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta la máa ń pàdé nílé ẹnì kan kí kálukú wá wo ibi tí iṣẹ́ onílé dé. Èmi ló kàn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń fọ́nnu lórí fóònù pé ẹ̀ńjìnnì tuntun ti wọlé. Ìyàwó mi ti se ẹ̀wà, ó ti din dòdò.

Mo ki pulọ́ọ̀gù àpótí iná tó ń darí ọkọ̀ náà bọ iná. Mo yí bọ́tìnnì ẹ̀ díẹ̀, díẹ̀ péré, ẹ̀ńjìnnì náà sì ta bí ẹṣin tí agbọ́n ta nídìí. Kò rìn rárá o, eré ló sá. Ó wọ́ kọ́ọ̀ṣì mẹ́ta tẹ̀lé ara ẹ̀, ó dé kọ́nà àkọ́kọ́, ó dẹ̀gbẹ́, ó rọ́ lu àgbàlá ibùdókọ̀ Ọ̀fà kékeré tí mo fi oṣù mẹ́rin kọ́, ó gba ibẹ̀ já sórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo bẹ̀rẹ̀ pé kí n gbé e ni mo gbọ́ tí àpótí iná ẹ̀ ń kùn lẹ́yìn mi, hùùù, bí oyin tó wà nínú ìkòkò. Kí n tó yíjú, èéfín ti ń rú. Bàbá mi ló fa wáyà yọ, ẹni ọdún 81. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ṣé bí tiyín ṣe máa ń rìn l'Ábújà nìyẹn?"

Mi ò lè jẹ ẹ̀wà yẹn.

Ohun tí mo rà nìyí: ẹ̀ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kan, kọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, irin tó tó yí òbírí kan, àti àpótí iná tí wọ́n fi ń darí ẹ̀. HO ni wọ́n ń pe ìwọ̀n ẹ̀, 1:87, ìyẹn ni pé wọ́n fi ìlọ́po 87 dín in kù sí ọkọ̀ gidi. Ẹni tó bá ń ṣe nǹkan yìí ti mọ gbogbo ìyẹn, mi ò ní fi dá yín dúró. ₦285,000 ni mo san, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Wuse tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ òfuurufú onírìmóòtù àti àwọn nǹkan ìṣeré míì tí àgbàlagbà máa ń rà tí á sì parọ́ pé ọmọ òun ló ni ín. Mi ò ní dárúkọ wọn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi wọn lọ́jọ́ tí mo lọ rà á. Mo bi ọmọbìnrin tó wà ní káńtà pé ṣé iná tiwa ò ní ba nǹkan yìí jẹ́, torí mo rí i pé pulọ́ọ̀gù ẹ̀ ní ẹsẹ̀ méjì pẹlẹbẹ, kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa. Ó rẹ́rìn-ín. Ó fa dúrọ́ọ̀, ó mú ike funfun kan jáde, irú èyí tí wọ́n ń tà ní ẹgbẹ̀rún kan náírà létí títì, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi. "Ẹ̀bùn wa fún yín nìyí, Dádì. Ẹ kàn fi èyí sí i, ó ti parí." (Mi ò tíì pé àádọ́ta ọdún o.) Ó tún fi kún un pé, "Irú rélùwéè Nàìjíríà gan-an ni." Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá bá a.

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn, nígbà tí àwọn àlejò ti lọ, mo dojú àpótí iná tó ti dúdú bolẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i. Lábẹ́ ibẹ̀, ní lẹ́tà tí kò tóbi ju èèrà lọ: INPUT 120V 60Hz. Ti Amẹ́ríkà ni. Iná tiwa tó 230, nígbà tí wọ́n bá mú un wá. Ike funfun yẹn ò ṣe ju pé ó pààrọ̀ ẹsẹ̀ fún pulọ́ọ̀gù, kò dín iná kù rárá. Ìlọ́po méjì iná ló wọlé, ìlọ́po méjì ló jáde sórí irin. Ìdí tí ẹ̀ńjìnnì fi sáré bí wèrè nìyẹn, òun náà ló yan wáyà inú àpótí. Ẹ̀bùn wọn ló fẹ́ jó ilé mi.

Ọjọ́ Ajé, mo gba àyè níbi iṣẹ́. Mo dé ṣọ́ọ̀bù yẹn láago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n ní kí n jókòó. Mo jókòó sórí àga ike pupa kan lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù tó ń kán omi sí mi léjìká. Nígbà tó di aago mọ́kànlá, wọ́n fún mi ní píọ̀ wọ́tà kan. Mánéjà jáde ní aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó gba rìsíìtì lọ́wọ́ mi, ó yí i padà, ó sì fi ìka tọ́ ìlà kan tó wà níbẹ̀ pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn tọ́ka sí i, bí ẹni tó ń fi ojú ọ̀nà han àjèjì.

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ti wo ẹ̀yìn àpótí yìí rí?"

Ó ní, "Nǹkan ìṣeré ni, ẹ̀gbọ́n. Ta ló ní kẹ́ ẹ kì í bọ iná láì bi ẹni tó mọ̀ ọ́n?"

Láì bi ẹni tó mọ̀ ọ́n! Mo yọ ike funfun jáde nínú àpò, mo gbé e sórí káńtà. Ọmọbìnrin yẹn wolẹ̀. Mánéjà wo ike, ó wo ọmọbìnrin, ó wò mí, ó sì sọ ohun tí mi ò ní gbàgbé títí ayé: "Ẹ̀bùn nìyẹn. Kò sí lórí rìsíìtì." Inú mi ru ṣùṣù. Mo sọ̀rọ̀ o, mi ò ní purọ́. Mo sọ èyí tó yẹ, mo sì sọ èyí tí kò yẹ, débi tí mègáàdì fi yọjú wọlé, tó ń bẹ̀ mí, "A yi haƙuri, Alhaji, a yi haƙuri," ìyẹn ni pé kí n ṣe sùúrù. Ọmọ Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mí o, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn, mo jẹ́ Alhaji.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyí. Mo ti ń kó ẹrù mi bọ̀ sínú ọ̀rá nígbà tí ọmọkùnrin kan jáde látinú yàrá ẹ̀yìn. Agùnbánirọ̀ ni, bàtà gíga wọn yẹn ṣì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ọmọ Ìlọrin. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ṣé ẹ jẹ́ kí n wo ẹ̀ńjìnnì yẹn?" Mo ní kí ló kù tó fẹ́ wò. Ó gbà á lọ́wọ́ mi bí ẹni gba ìkókó, ó dojú ẹ̀ délẹ̀ sórí aṣọ ìnura, ó lọ mú bátìrì kan wá, onígun mẹ́rin olórí méjì yẹn, tó ní fólítì 9. Ó so wáyà méjì mọ́ ọn. Ó fi ẹnu wáyà kan kan ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fi èkejì kan ti òsì.

Ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Jẹ́jẹ́. Kò pariwo rárá, ẹ lè gbọ́ ariwo fíríìjì ṣọ́ọ̀bù ju tiẹ̀ lọ. Iná iwájú ẹ̀ tàn, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí iná àtùpà. Ó yí wáyà padà, ẹsẹ̀ náà ń yí sẹ́yìn, iná iwájú kú. Ọmọ náà gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àpótí nìkan ló kú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀mí ẹ̀ ṣì wà."

Ọjọ́ kẹta ló pè mí. Ó ti wá ṣájà oní-fólítì 12 kan, irú èyí tó máa ń wà lára ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì inú ilé, ó so ó mọ́ pátákó kékeré tí wọ́n fi ń dín eré mọ́tò kù, ó fi ṣúìṣì kan sí i fún àtilọ sẹ́yìn, ó kó gbogbo ẹ̀ sínú ike bọ́tà. Ó fi bírò kọ "IWÁJÚ" sápá kan, ó kọ "Ẹ̀YÌN" sí èkejì, ó sì fi àmì sí i dáadáa. Ẹ̀gbẹ̀rún mẹ́sàn-án náírà ló gbà, owó ohun tó rà ni. Mo fẹ́ fún un ní owó iṣẹ́, ó ní tí mánéjà bá rí i, wàhálà ni.

Ká sọ òótọ́, ike bọ́tà yẹn sàn ju àpótí Amẹ́ríkà lọ. Mo lè mú kí ọkọ̀ náà rìn bí ẹni tó gbé omi lórí. Ẹ̀ńjìnnì náà fúnra ẹ̀, mi ò ní ẹ̀sùn kan sí i. Ó wúwo lọ́wọ́, gbogbo ẹsẹ̀ ẹ̀ ló ń gba iná, ó sì ń kọjá ibi tí irin ti dọ̀tí. Irin ẹ̀ kì í ṣe èyí tó ń dípẹtà. Nígbà ọyẹ́ tí eruku bá bo gbogbo nǹkan ní Kubwa, mo kàn ń fi aṣọ tí mo rẹ sínú sípíríìtì nù ún. Àmọ́ ọwọ́ ìdìmú kan ti kán nígbà tó ṣubú, irin tó yẹ kó jẹ́ 12 nínú páálí, 11 ni mo bá. Mo pè wọ́n lórí ìyẹn nígbà mẹ́rin. Wọ́n ṣì ń wò ó.

Ọ̀rọ̀ "rélùwéè Nàìjíríà gan-an" wá kù. Bàbá mi wà nínú àwọn tó ń tún irin ṣe nígbà ayé iṣẹ́ ẹ̀, láti Ọ̀fà títí dé Zaria, ó mọ afárá Jẹ́bà ju ilé ẹ̀ lọ. Nígbà tí ọkọ̀ wá ń rìn dáadáa, mo pè é kó wá wò ó bó ṣe ń wọ Ọ̀fà. Ilé ibùdókọ̀ náà, páálí ni mo fi kọ́ ọ, agolo mílíìkì ni mo gé fi ṣe páànù ẹ̀. Ó wò ó, ó ní ilé dára. Lẹ́yìn náà ló ní, "Irin yìí fẹ̀ jù." Ó gba téèpù ìránṣọ ìyàwó mi, ó wọ̀n àárín irin méjèèjì: mìlímítà 16 àti ààbọ̀. Ó bi mí pé ìlọ́po mélòó ni wọ́n fi dín in kù. Mo ní 87. Ó ṣe ìṣirò náà sí etí ìwé ìròyìn. Mìlímítà 1,435. Ó ju bírò sílẹ̀. "Tiwa ò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀ lọ. 1,067. Èyí tí àwọn Ṣáínà ṣe láti Idu lọ sí Rigasa lẹ gbé wá sí Ọ̀fà yìí."

Àǹtí tíṣà ti sọ fún mi rí, mi ò gbọ́. Ojú irin tóóró tó lọ láti Zaria sí Jos nígbà kan, oní-mìlímítà 762, lòun ń kọ́, irin oní-mìlímítà 9 ló sì ń lò fún un. Àwọn kan ní Japan, tí èyí tó pọ̀ jù nínú irin tiwọn náà jẹ́ 1,067, máa ń lo oní-12. Mo wá a káàkiri Abuja, mi ò rí i. Nítorí náà, ọmọbìnrin orí káńtà ò parọ́: rélùwéè Nàìjíríà ni, ti ọdún 2016 ni, ọdún tí ojú irin Idu sí Rigasa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò kàn mọ̀ pé òótọ́ lòun ń sọ.

Bàbá mi ti padà sílé. Tó bá pè, ó kọ́kọ́ máa ń béèrè pé ṣé mo ti fún irin yẹn pọ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Mo ti san àsansílẹ̀ fún irin oríta méjì ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, mo sì ti bi agùnbánirọ̀ yẹn ìgbà tó máa sìn tán.