Iná tàbí Àdá Lórí Ilẹ̀ Ẹ̀kan ní Rẹ́mọ

Igbó ni ilẹ̀ Rẹ́mọ tẹ́lẹ̀. Àwa la gé igi, tí koríko ẹ̀kan fi rí àyè wọlé. Ṣé iná ló yẹ ká fi kojú rẹ̀ ni, àbí àdá? Ẹni tó bá dáná sun ún nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ á mọ́ kíá, eérú á sì ran àgbàdo lọ́wọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n iná kì í dé ọ̀dọ̀ gbòǹgbò ẹ̀kan. Òjò àkọ́rọ̀ kan péré, ó ti yọ ṣóńṣó padà, nígbà tí àwọn igi kéékèèké tí ìbá ṣíji bò ó ti jóná. Ooru tó ń pọ̀ sí i báyìí tún ń jẹ́ kí koríko tètè gbẹ, kí iná sì ràn kọjá ààlà.

Àdá ń gba owó lébìrà, òótọ́ ni. Síbẹ̀, bí ẹ bá ṣán an, tí ẹ fi bo ilẹ̀, tí ẹ gbin ẹ̀gúsí lé e, ọ̀rinrin á dúró. Ewé ẹ̀gúsí á sì ṣíji bo ẹ̀kan, ẹ̀kan kò sì fẹ́ ibòòji rárá. Àdá ni tèmi.