Oṣù Mẹ́fà Pẹ̀lú Aago Tó Ń Ka Ìṣísẹ̀

Èyí tó dùn mí jù ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ: iye kálórì, ìyẹn agbára inú oúnjẹ tí aago yìí ń sọ pé ara ti jó, ẹ má ṣe gbára lé e. Òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ gbogbo làálàá oṣù àkọ́kọ́ mi dòfo. Síbẹ̀, aago náà ló wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, oṣù kẹfà rèé, mi ò sì ní in lọ́kàn láti bọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa tó ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ló ń rò ó láti ra irú ẹ̀, bóyá a ó lè padà sí oúnjẹ gidi àti eré ìdárayá. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lọ́wọ́ mi.

Eré ìdárayá kì í ṣe àjèjì sí mi. Ìgbà kan wà tí mo máa ń sáré lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tí mo sì ń se oúnjẹ tí mò ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Ìgbà tí wọ́n fún mi ní ipò tuntun ni ọwọ́ mi dí. Ọ̀sẹ̀ kan tí mi ò sáré di oṣù kan, oṣù di ọdún méjì. Oúnjẹ ọ̀sán di ìpápánu tí mò ń jẹ níwájú kọ̀ǹpútà láìmọ ìgbà tó tán, ti alẹ́ sì di ohunkóhun tí mo bá rí rà lójú ọ̀nà. Ọjọ́ tí mo gun àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta, tí ẹnì kan kí mi lókè, tí mi ò lè dáhùn títí mo fi mí kanlẹ̀, ọjọ́ náà ni mo pinnu pé mò ń padà.

Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé ibi tí mo bá a dé tẹ́lẹ̀ gan-an ni mo ní kí n ti máa bá a lọ. Bàtà àtijọ́ ni mo wọ̀, ọ̀nà àtijọ́ ni mo gbà, iye tí mò ń sá tẹ́lẹ̀ ni mo sá. Ọkàn rántí, orúnkún ò rántí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, orúnkún ọ̀tún ti wú, mo sì ń di ògiri mú sọ̀ kalẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò ní kí n gbàgbé eré sísá ná, kí n máa rìn, kí n sì mọ iye tí mò ń rìn. Ohun tó gbé mi dé ìdí aago nìyẹn.

Aago náà ò tóbi, okùn rẹ̀ jẹ́ rọ́bà dúdú. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń mọ bí ọwọ́ ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Òun ló fi ń ka ìṣísẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, níbi tó ti kan awọ ara, iná aláwọ̀ ewé kan wà tó ń ṣẹ́jú. Ẹ̀jẹ̀ máa ń fa irú ìmọ́lẹ̀ yẹn mu. Bí ọkàn bá lù tí ẹ̀jẹ̀ ya dé ọrùn ọwọ́, ìmọ́lẹ̀ tó máa padà sínú aago á dín kù, bó sì ṣe ń dín tó tún ń pọ̀ ni aago fi ń mọ iye ìgbà tí ọkàn lù. Lóru, tí mo bá yí ọwọ́, màá rí ìmọ́lẹ̀ náà lára ògiri bíi tanátaná. Bí okùn bá dẹ̀ díẹ̀, irọ́ ló máa pa. Mo ti jókòó jẹ́ẹ́ rí tó ní ọkàn mi ń lù ní ìgbà 160 níṣẹ̀ẹ́jú kan. Mo fún okùn náà, mo gbé e sókè kọjá eegun ọrùn ọwọ́, ó sì bọ̀ sípò.

Ìṣísẹ̀ pàápàá níbi tó kù sí. Bí mo bá ń ti kẹ̀kẹ́ akẹ́rù, tí ọwọ́ mi dúró gbagidi lórí irin rẹ̀, mo lè rìn títí kó má kà á. Lọ́jọ́ kan, mò ń gé ẹ̀fọ́, mi ò kúrò lójú kan, ìgbà tí mo máa wò ó, ó ti fi 140 kún un. Mi ò bá a jà lórí ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọ̀sẹ̀ yìí sàn ju ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ, ó sì ń fi ìyẹn hàn mí kedere.

Bí mo ṣe ṣí i, 10,000 ni wọ́n ti kọ sínú rẹ̀ pé kí n máa rìn lójúmọ́. Kì í ṣe inú ilé ìwòsàn ni iye yìí ti wá. Ní 1965, ọdún kan lẹ́yìn Ìdíje Olympic tó wáyé ní Tokyo, ilé iṣẹ́ kan ní Jàpáánù gbé ẹ̀rọ kan jáde tí wọ́n pè ní Manpo-kei, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ka ẹgbàárùn-ún ìṣísẹ̀. Orúkọ ọjà ni, ó sì dùn-ún pè. Nínú ìwádìí tí I-Min Lee àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2019 lórí àwọn àgbà obìnrin tó lé ní 16,000, ewu ikú àwọn tó ń rin nǹkan bí 4,400 lójúmọ́ kéré sí ti àwọn tó ń rin 2,700. Àǹfààní náà ń pọ̀ sí i títí dé nǹkan bí 7,500, ibẹ̀ ló sì tẹ́jú sí. Lóòótọ́, àgbà ni wọ́n, ara wa lè yàtọ̀. Àmọ́ ìgbà tí mo rí i pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi ò ju 3,100 lójúmọ́ lọ, mo yí 10,000 yẹn padà sí 4,500. Oṣù kọ̀ọ̀kan ni mo ń fi díẹ̀ kún un. Ní báyìí, 8,000 ni, mo sì ń bá a.

Ibi tí mo ti jèrè owó tí mo san ni ìgbọ̀nrìrì rẹ̀. Bí mo bá ti jókòó pẹ́ láìdìde, bí wákàtí ṣe ń parí lọ ni yóò gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì lọ́rùn ọwọ́ mi, láìpariwo. Mo máa dìde, mo máa lọ pọn omi sínú ife, mo máa gba ẹ̀yìn ilé padà dípò iwájú. Ife mi kéré, mo mọ̀ọ́mọ̀ rà á bẹ́ẹ̀, kó lè tètè tán. Ìṣísẹ̀ bíi 250 ni lílọ àti bíbọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ó ń bí mi nínú, pàápàá tí ọ̀gá mi bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nínú ìpàdé. Nígbà tó yá, ó mọ́ mi lára, ẹ̀yìn tó máa ń ro mí ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ò sì ro mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Kò sí wákàtí tí mo yọ kúrò nínú iṣẹ́ láti ṣe èyí, ìdí sì nìyẹn tí kò fi já mi kulẹ̀ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá wọ̀ mí lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí kálórì. Mo rin ìrìn wákàtí kan nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, aago ní mo ti jó 600. Mo gbà á gbọ́, mo ní ẹ̀tọ́ mi ni oúnjẹ alẹ́ tó pọ̀ pẹ̀lú ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìwọ̀n mi ò yí padà rárá. Ó ká mi lára débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford dán irú aago ọwọ́ méje wò lára ọgọ́ta èèyàn. Mẹ́fà nínú wọn ka lílù ọkàn dáadáa, àṣìṣe wọn ò tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ti kálórì, èyí tó sàn jù nínú méjèèje fi ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì í, èyí tó burú jù fi ìdá 93. Ọjọ́ tí mo kà á ni mo pa òǹkà yẹn rẹ́ kúrò lójú aago mi.

Áàpù tó bá aago náà rìn ní ibi tí èèyàn ti lè máa kọ gbogbo ohun tó bá jẹ sílẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fara dà á. Ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé tó rẹ̀ tẹnutẹnu, tí wọ́n tún ní kó máa wá orúkọ ọbẹ̀ nínú àtòjọ tí kò lópin! Ọjọ́ Sunday ló gbà mí sílẹ̀. Mo máa ń se ẹ̀wà, mo máa ń bọ ẹyin, mo máa ń gé ẹ̀fọ́, mo sì ń pín in sínú abọ́ onídèérí mẹ́rin sí fìríìjì. Ìdajì abọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀fọ́ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tó tó 400 gíráàmù ó kéré tán lójúmọ́. Abọ́ ọ̀sán yẹn àti èso méjì máa ń gbé mi débẹ̀. Aago ò mọ nǹkan kan nípa èyí.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó ṣe aago yìí tún ṣe ni kíka ọjọ́ tó tẹ̀ léra. Ó ń ka iye ọjọ́ tí o ti bá iye ìṣísẹ̀ rẹ láìpa ọ̀kan jẹ, bí o bá sì pa ọ̀kan jẹ, òdo ló máa kọ. Mo ti dé ọjọ́ kẹtàlélógún kí iṣẹ́ ìparí oṣù tó dé mọ́ mi lọ́rùn, mo délé ní aago mọ́kànlá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òdo ló wà níbẹ̀. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo bọ́ aago náà, ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò fi wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú ìwádìí tí Phillippa Lally àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tẹ̀ jáde ní 2010, ó tó ọjọ́ 66 kí àṣà tuntun tó mọ́ ẹni tó wà láàárín lára, àwọn kan lo 18, ìṣirò ti àwọn mìíràn sì dé 254. Wọ́n rí i pé pípa ọjọ́ kan jẹ ò ba nǹkan jẹ́. Ẹni tó ń padà bọ̀ ti jáwọ́ rí, ó sì ti ń bẹ̀rù pé òun á tún jáwọ́. Òdo ni wọ́n wá ń fi hàn án.

Àjọ Ìlera Àgbáyé kan náà dámọ̀ràn ní 2020 pé kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe eré tó mọ níwọ̀n, kó sì fi ó kéré tán ọjọ́ méjì ṣe èyí tó ń fún iṣan lágbára. Ti àkọ́kọ́, aago ń bá mi ṣírò rẹ̀. Ti èkejì, kò wúlò: mo lè ti ògiri títí apá mi á fi máa gbọ̀n, kó sọ pé mò ń sinmi. Inú ìwé ni mò ń kọ ìyẹn sí.

Bátìrì rẹ̀ ń lo ọjọ́ mẹ́fà. Okùn rọ́bà náà máa ń yún mi bí òógùn bá há sábẹ́ rẹ̀, nítorí náà mo máa ń fọ̀ ọ́, mo sì ń nù ún gbẹ lálaalẹ́.

Orúnkún ti san. Mò ń fi ogún ìṣẹ́jú sáré báyìí, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá rà á, kí ẹ tó wọ̀ ọ́ jáde, ẹ pa kálórì rẹ́ lójú rẹ̀, ẹ pa kíka ọjọ́ tó tẹ̀ léra, ẹ fi ìgbọ̀nrìrì wákàtí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa gbé ìgbé ayé yín bí ẹ ṣe ń gbé e fún ọjọ́ méje gbáko láìfi nǹkan kan kún un. Iye tí ẹ bá rí lọ́jọ́ keje ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.