Okùn púlì tàbí ṣéènì bùlọ́ọ̀kù fún ọkọ̀ ojú omi kékeré

Ẹni tó bá ń gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kékeré sókè ní dáàmù Ẹ̀rò, ní Ìkún-Èkìtì, okùn púlì, ìyẹn okùn tó ń gba orí kẹ̀kẹ́ kékeré kọjá, ni màá ní kó kọ́kọ́ rà. Bí okùn kan náà bá lọ tó bọ̀ láàárín púlì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rin jọ gbé ẹrù kílò 60, nǹkan bíi kílò 15 lọwọ́ máa fà, àti díẹ̀ lé e torí púlì máa ń há. Àmọ́ mítà 4 okùn lo máa fà kẹ́rù tó gòkè mítà 1. Okùn púlì fúyẹ́. Bọ́wọ́ bá yọ̀ ṣá, ẹrù já nìyẹn, àfi tóo bá ti so okùn mọ́ òpó.

Ṣéènì bùlọ́ọ̀kù, ẹ̀rọ tí àwọn mẹkáníìkì ń fa ṣéènì rẹ̀ láti gbé ẹ́ńjìnnì sókè, ní bíréèkì nínú: bóo bá fi ṣéènì sílẹ̀, ẹrù á dúró gbagidi. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ó ń falẹ̀, ó sì máa ń dípẹtà. Abẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì ló yẹ ẹ́.