Snappy Driver Installer Origin: bí ó ṣe rí fún mi ní Lágeere, Ilé-Ifẹ̀

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi, laptop tòkunbọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Wọ́n á ní kí ẹnì kan bá wọn fi Windows tuntun sí i, ni kò bá rí Wi-Fi mọ́, kò dún, ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kò sì ṣe é dín kù. Driver, ìyẹn ètò kékeré tó ń jẹ́ kí Windows lè lo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà, ni kò sí níbẹ̀.

Kí n tó mọ Snappy, ètò tó ń bá kọ̀ǹpútà wá driver tó yẹ ẹ́, ojú mi rí màbo. Ètò kan tó lóun ń wá driver tuntun fúnni ni mo fi sórí kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tẹ̀wé. Ó ní gbogbo driver mi ló ti gbó, mo sì ní kó pààrọ̀ gbogbo wọn. Bí mo ṣe tàn án padà, ojú búlúù tí Windows fi ń sọ pé òun ti dákú ni mo bá. Oníbàárà mẹ́rin wà lórí ìdúró, iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ wọn. Safe Mode, tí Windows fi ń tàn pẹ̀lú ìwọ̀nba driver, ni mo gbà wọlé, mo lọ sínú Device Manager, ibi tí Windows to ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sí, mo tẹ "Roll Back Driver" láti dá driver àtijọ́ ti ojú kọ̀ǹpútà padà, kó tó bọ̀ sípò. Ó dùn mí gan-an.

Ọ̀fẹ́ ni Snappy, orí flash ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Àkójọ driver rẹ̀ lódindi tóbi púpọ̀, á jẹ dátà yín tán. Ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan ni mo gbà sílẹ̀. Bí Wi-Fi bá ti jí, èèyàn á rí ìyókù gbà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan gbé tiẹ̀ dé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú mi, ọ̀la ni súpáfáísọ̀ mi fẹ́ gba iṣẹ́ mi." Nínú Device Manager, àmì ìyanu aláwọ̀ ìyeyè wà lára "Network Controller". Mo ki flash bọ̀ ọ́, mo máàkì ti Wi-Fi nìkan, mo ní kó kọ́kọ́ ṣe restore point, ibi tí Windows lè padà sí bí nǹkan bá bàjẹ́. Kò pẹ́ rárá, orúkọ hotspot fóònù rẹ̀ yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ó fò sókè!

Ibi tó kù sí ni pé ojú ètò náà dí jù, á sì máa gbé driver tuntun wá fún ohun tí kò ṣàìsàn. Ẹni tí kò mọ̀ á máàkì gbogbo rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe èyí tó ń dà yín láàmú, ẹ tan ẹ̀rọ padà, ẹ wò ó ná kí ẹ tó kan òmíràn.