Iná kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú fún ìrìn alẹ́: èyí tó yẹ ní rírà ní Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́

Ní ilẹ̀ Benin wa níhìn-ín, kí aago méje ààbọ̀ alẹ́ tó lù, ilẹ̀ ti ṣú, ìgbà òjò ni o, ìgbà ọyẹ́ ni o. Ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti oko, láti ọjà tàbí láti ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn àkókò yẹn gbọ́dọ̀ ní iná méjì: funfun níwájú, pupa lẹ́yìn. Oríṣiríṣi wọn ló wà lórí àtẹ ní ọjà Kétu àti ní Ouando ní Àjàṣẹ́, nọ́ńbà ńlá-ńlá ló sì wà lára páálí wọn. Nínú gbogbo ohun tó yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó, nọ́ńbà yẹn ló kẹ́yìn. Ọ̀nà tí ẹ ń gbà lálẹ́ ló ń sọ irú iná tí ẹ ó rà.

Ní Àjàṣẹ́, iná wà lójú àwọn títì ńlá. Kí awakọ̀ àti àwọn zémìjàn (ọlọ́kadà) lè rí yín ni ẹ ṣe ń tanná níbẹ̀, lumen (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀) 50 sí 100 sì tó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jáde ní Kétu tí ẹ dojú kọ Idigny tàbí Ìlárá, òkùnkùn biribiri ni. Iná yín nìkan ni yóò fi kòtò, òkúta àti ewúrẹ́ tó sùn sójú ọ̀nà hàn yín. Ẹni tó ń sáré kìlómítà 15 ní wákàtí kan ń rin mítà mẹ́rin ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Kí ó tó rí kòtò, kí ó tó fa bíréèkì, kí kẹ̀kẹ́ tó dúró lórí ilẹ̀ pupa tó ní yanrìn, ó lè ti rin mítà 10. Iná tí kò tàn ju mítà márùn-ún lọ kò lè gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Lumen 200 sí 400 tòótọ́ ló yẹ níbẹ̀. Ní ti Ṣábẹ, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gba títì Kútọnu sí Parakou kì í dáwọ́ dúró lóru. Ẹ̀yìn ni ewu ti ń bọ̀ níbẹ̀. Bí owó bá ká yín mọ́ iná kan ṣoṣo tí ẹ sì ń gba títì ọlọ́dà yẹn, iná ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ẹni tó ń gba ọ̀nà oko nìkan, kí ó kọ́kọ́ ra ti iwájú.

Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ni iná onírọ́bà kékeré tí wọ́n ń tà ní méjì-méjì, funfun kan, pupa kan, tí ẹ ó fi rọ́bà rẹ̀ yí irin ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ká. Òkúta (bátìrì) pẹlẹbẹ CR2032 méjì ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Kò lè tan ọ̀nà rárá. Omi òjò ń gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà wọnú rẹ̀, òkúta á dípẹtà, kì í sì í rọrùn láti rí òkúta pẹlẹbẹ rà ní ọjà abúlé. Pupa rẹ̀ dára gẹ́gẹ́ bí àfikún, a ó sì padà débẹ̀. Funfun rẹ̀ kò tọ́ sí owó yín.

Èyí tó ń lo òkúta kékeré AAA mẹ́ta sàn jù ú lọ fíìfíì, pàápàá fún ẹ̀yìn. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kò béèrè iná SBEE, iná mànàmáná ilé: bí òkúta bá tán ní abúlé, ẹ ra òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ ọ̀nà, ìrìn yín ń bá a lọ. Ẹ má ra òkúta tó kéré jù lówó sínú rẹ̀. Kì í pẹ́ rẹ̀ ẹ́, omi inú rẹ̀ sì máa ń tú jáde tí yóò jẹ irin tó fara kàn án, iná á kú bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ Alkaline sí lára ni kí ẹ bèèrè. Bí ẹ kò bá ní gun kẹ̀kẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ yọ òkúta kúrò nínú rẹ̀.

Iná oní-USB tó ní fèrè ló gba ojú àtẹ báyìí. Fèrè náà ń lé ewúrẹ́ kúrò lọ́nà lóòótọ́, àmọ́ ihò tí ohùn rẹ̀ ń gbà jáde ni omi àti eruku ọyẹ́ ń gbà wọlé. Èyí tí kò ní fèrè la yàn. Ti àwọn tó lẹ pánẹ́ẹ̀lì oòrùn mọ́ ọn lórí burú jù. Pánẹ́ẹ̀lì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà, tó fẹ̀ ní mẹ́ta, kò lè mú ju nǹkan bí wáàtì 0.3 jáde nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Láti kún bátìrì 1200 mAh (mAh ni òṣùwọ̀n bí bátìrì ti lè gba iná tó), oòrùn tó mú gan-an fún bíi wákàtí 15 ni yóò gbà, ooru oòrùn kan náà á sì máa ba bátìrì inú rẹ̀ jẹ́. Ẹ má fi kọ́bọ̀ kan kún owó iná nítorí pánẹ́ẹ̀lì yẹn.

Ní ti nọ́ńbà ara páálí, ìṣirò kan wà tí ẹ lè ṣe lórí fóònù yín níwájú ẹni tó ń tà á. Ẹ wo iye mAh bátìrì, ẹ pín in sí 1000, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po 3.7. Bátìrì 1200 mAh yóò fún yín ní wáàtì-wákàtí 4.4. LED (ẹyin iná kékeré tí kì í jẹ iná púpọ̀) inú iná olówó pọ́ọ́kú ń mú nǹkan bíi lumen 100 jáde nínú wáàtì kan. Lumen 1000 á jẹ wáàtì 10, bátìrì yẹn á sì tán kí ìdajì wákàtí tó pé. Bí páálí bá wá ní lumen 1000 ni, wákàtí mẹ́rin ni yóò fi máa tàn, irọ́ ni. Bátìrì kan náà lè tan lumen 200 fún wákàtí méjì ó lé díẹ̀, ìyẹn sì tó gbé yín láti Kétu dé ibi tó jìnnà.

Àwọn kan ń ra tọ́ọ̀ṣì onírin tí wọ́n ń so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, tó ń lo bátìrì gbọọrọ 18650. Ó ń tàn jìnnà, ẹ sì lè mú bátìrì kejì dání. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rí róbótó, ìdajì rẹ̀ ń lọ sókè lásán, ó sì ń fọ́ ojú ẹni tó ń bọ̀ níwájú. Lórí ọ̀nà tó ń gbọ̀n kẹ̀kẹ́ jìgìjìgì, sípíríìnì inú rẹ̀ á máa fò, iná á máa kú á máa tàn. Bátìrì 18650 kò lè gbà ju bíi 3600 mAh lọ. Èyí tí wọ́n kọ 9900 mAh sí lára, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ojúlówó ń wọn tó gíráàmù 45, òṣùwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà á sì fi èyí tó fúyẹ́ jù hàn yín lójú ẹsẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ wa jù nínú gbogbo wọn kì í tilẹ̀ í sí lórí àtẹ. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ tó ń ti Yúróòpù gba èbúté Kútọnu wọlé ti ní dínámò lára, ẹ̀rọ tí táyà ń yí kó lè pèsè iná: yálà igò kékeré tí orí rẹ̀ ń fara ro táyà, tàbí èyí tó wà nínú họ́ọ̀bù (irin àárín) táyà iwájú. Torí pé kò tàn mọ́ ni àwọn èèyàn ṣe ń tú u dànù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tú u. Fóólítì 6, wáàtì 3 ni wọ́n ṣe é fún, 2.4 fún iwájú, 0.6 fún ẹ̀yìn, kò béèrè òkúta, kò béèrè ṣájà, kò sì sí olè tó lè yọ ọ́ sápò lójijì bíi ti oní-USB.

Bí kò bá tàn, ó ṣọ̀wọ́n kí dínámò fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹni tó kú. Lórí púpọ̀ nínú wọn, wáyà kan ṣoṣo ló ń gbé iná lọ, egungun kẹ̀kẹ́ ló sì ń dá a padà. Bí ìpẹtà tàbí ọ̀dà bá ti wà láàárín ìdè iná àti egungun kẹ̀kẹ́, ọ̀nà ìpadà ti dí nìyẹn. Ẹ fi sáńpépà ha ibẹ̀ títí irin á fi máa dán. Èyí tó dára ju ìyẹn lọ ni kí ẹ fa wáyà kejì láti ara dínámò lọ dé ara iná, kí ẹ má gbára lé egungun kẹ̀kẹ́ mọ́ láéláé. Ẹ wo ẹsẹ̀ wáyà lábẹ́ irin tó bo táyà ẹ̀yìn pẹ̀lú, ibẹ̀ ló sábà máa ń já sí. Tó bá jẹ́ onígò, kí ìlà tó gba àárín igò náà kọjá dojú kọ họ́ọ̀bù gan-an. Bí ó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa jẹ táyà, ẹsẹ̀ yín á sì wúwo. Nínú òjò, orí igò lè máa yọ̀ lára táyà. Rọ́bà kékeré tí wọ́n ń fi bo orí rẹ̀ máa ń wo ìyẹn sàn.

Gílóòbù àtijọ́ ní àìsàn kan: bí ti iwájú bá jó, gbogbo agbára dínámò á sáré lọ sí ti ẹ̀yìn, òun náà á sì jó. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ẹ fi LED rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n LED tí wọ́n ṣe fún dínámò ni. Iná dínámò ń lọ ó ń bọ̀, kò rí bíi ti òkúta tó ń gba ọ̀nà kan. LED tí wọ́n ṣe fún òkúta á máa ṣẹ́jú lórí rẹ̀ tàbí kó bàjẹ́ pátápátá. Bí kẹ̀kẹ́ bá ti Jámánì wá, ẹ wo gíláàsì iná rẹ̀ dáadáa. Ìlà kékeré tó rí bí ìgbì omi, lẹ́tà K àti nọ́ńbà lẹ́yìn rẹ̀ túmọ̀ sí pé ìjọba wọn ti yẹ iná náà wò: ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú lókè, ilẹ̀ ló ń tàn, kì í fọ́ ojú ẹlòmíràn. Ẹni tó ń tú kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tà ní wẹ́wẹ́ lè ta irú iná bẹ́ẹ̀ fún yín ní owó tó kéré sí ti iná tuntun.

Àléébù dínámò kan ṣoṣo tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé bí kẹ̀kẹ́ bá dúró, iná kú, àyàfi èyí tó ní kapásítọ̀ nínú tó ń fi í tàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i. Ibi tí pupa onírọ́bà yẹn ti wúlò rèé. Ẹ so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ẹ tàn án nígbàkígbà tí ẹ bá dúró létí títì. Kí ẹ sì lẹ ìdákọjú pupa, èyí tí iná ọkọ̀ ń mú kọ mọ̀nà, mọ́ irin tó bo táyà. Kò jẹ bátìrì kankan, kò sì gbowó lórí.

Ẹ̀yin tí kẹ̀kẹ́ yín kò ní dínámò, bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún sẹ́fà bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ má ná gbogbo rẹ̀ sórí iná iwájú kan tó ń dán gbinrin. Oní-USB aláìní fèrè tí ìṣirò fi hàn pé ó lè tan lumen 200 fún wákàtí méjì ni kí ẹ rà, kí ẹ sì fi ìyókù ra iná ẹ̀yìn olókùúta AAA. Kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ tan iná iwájú sí ibi tó tàn jù fún ìṣẹ́jú 10. Bí ó bá gbóná débi pé ọwọ́ kò gbà á, tàbí tó rọ̀ lójijì, ẹ dá a padà. Ẹ tan án sára ògiri níbi tó ṣókùnkùn: àmì yíká-yíká àti àárín dúdú kò dára, ìmọ́lẹ̀ tó fẹ̀ tó sì dọ́gba ni ẹ ń wá. Ẹ jù ú sókè-sódò lọ́wọ́, kó má dún, kó má kú. Ẹ ti okùn ṣájà bọ ihò rẹ̀, kí ẹ rí i pé kò mì, pé rọ́bà tó ń bo ihò náà sì há dáadáa. Bí wọ́n bá kọ IPX4 sí i, òjò lásán kò lè ṣe é ní nǹkan. IPX7 lè wọnú omi mítà kan fún ìdajì wákàtí.

Ọwọ́ ọ̀tún la ń gbà lójú títì. Ẹ yí orí iná iwájú díẹ̀ sí ọ̀tún, síbi tí kòtò àti etí títì wà. Láti mọ̀ bí ó bá tẹrí ba tó, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ dúró ní mítà márùn-ún sí ògiri: àárín ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sí ìsàlẹ̀ ju ibi tí iná fúnra rẹ̀ ga sí lọ. Bí ìdè rẹ̀ bá ń yí lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ẹ fi àjákù rọ́bà inú táyà wé ibẹ̀ kí ẹ tó dè é. Iná ẹ̀yìn kì í ṣe ọ̀pá ìjókòó ni ibùgbé rẹ̀ bí ẹ bá ń gbé ẹrù. Igi ìdáná, kẹ́ẹ̀gì tàbí àpò gàrí yóò bò ó mọ́lẹ̀. Ìdí kárià ni kí ẹ so ó mọ́, kí ó dojú kọ ẹ̀yìn gbọọrọ, kó má wo ilẹ̀, kó má wo ọ̀run. Ẹ jẹ́ kó tàn láìṣẹ́jú lórí títì ọkọ̀ akẹ́rù: èyí tó ń ṣẹ́jú ń tètè fa ojú, àmọ́ kì í jẹ́ kí awakọ̀ mọ bí ẹ ti jìnnà tó.

Ní ti oní-USB, bí òjò bá pa á, ẹ má ti okùn ṣájà bọ̀ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ ṣí rọ́bà rẹ̀, ẹ dorí rẹ̀ kodò síbi tí afẹ́fẹ́ wà títí di òwúrọ̀, kí ẹ wo inú ihò náà bóyá ó ti gbẹ, kí ẹ tó fi iná sí i.